Bí mo ṣe pààrọ̀ ọ́ìlì LSD ọkọ̀ mi, àti ohun tí ojú mi rí lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀

Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń fi Hilux kó ẹ̀gẹ́ láti oko wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn wá sí ojú títì. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà oko náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku lásán ni. Bí òjò oṣù Agẹmọ bá lù ú fún wákàtí kan péré, òkè rẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá, abẹ́ rẹ̀ á sì le bí àpáta, táyà ò ní rí nǹkan kan dì mú. LSD (limited-slip differential) tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi ló ti ń kó mi yọ lọ́dọọdún: dífárénṣà ni àpótí jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, LSD sì ni irú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa dá yí lófo. Lọ́dún yìí, LSD yẹn gan-an ló fẹ́ gbé mi sọ sí gọ́tà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà òde máa ń rin ìrìn tó gùn ju ti inú lọ; dífárénṣà ló ń jẹ́ kí kálukú yí bó ṣe yẹ. Àmọ́ èyí tí kò ní LSD, agbára kan náà ló ń pín fún méjèèjì. Bí táyà inú ẹrẹ̀ bá lè gba 20 péré, 20 náà ni ti orí yangí máa rí gbà, ìbáà lágbára láti gba 100. Ìdí nìyẹn tí táyà kan fi ń yí bíi fáànù, tó ń ta ẹrẹ̀ sí gbogbo èèyàn lára, tí èkejì sì dúró gbagidi. Nínú LSD tèmi, àwọn àwo irin pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra bí ẹni to kọ́bọ̀. Apá kan so mọ́ ọ̀pá tó ń yí táyà, apá kejì so mọ́ ilé dífárénṣà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fà tó ni wọ́n ń fún ara wọn mọ́ra tó, táyà kan ò wá lè sá lọ kó fi èkejì sílẹ̀. Ìyọnu táyà tó ń yí lófo yìí náà ló mú Ferdinand Porsche gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ZF ní Jámánì ní 1935, nítorí ọkọ̀ ìdíje Auto Union.

Ní oṣù Òkúdu, mo gbé ọkọ̀ lọ síbì kan, wọ́n bá mi pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì. Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti ń yí ọkọ̀ padà níbi tó há, ẹ̀yìn á máa dún gọ́-gọ́-gọ́, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, mo dé kọ́nà kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ fò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi pariwo: “Bọ̀dá mi, ẹ rọra o!”

Mo gbé e tọ bàbá mẹkáníìkì wa lọ. A fi òkúta dí táyà iwájú, a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, a gbé e lé orí irin, jíà wà ní nútírà. Bàbá ní kí n fọwọ́ yí táyà ọ̀tún. Ti òsì bá a yí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì kọjú sí. Ká ní ti òsì yí padà sẹ́yìn ni, á jẹ́ pé àwọn àwo yẹn ti jẹ tán. “LSD rẹ ò kú,” bàbá wí. “Ọ́ìlì tí wọ́n bù sí i ni ò bá a mu.” Ọ́ìlì jíà lásán kò ní èròjà tó ń jẹ́ kí àwọn àwo náà rọra yọ̀ lára ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń lẹ̀, tí wọ́n ń já, tí wọ́n tún ń lẹ̀. Ìyẹn ni gọ́-gọ́-gọ́ tí mò ń gbọ́.

Nọ́ọ̀tì òkè, níbi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì sí i, ni ká kọ́kọ́ tú. Ẹni tó bá fa ọ́ìlì dànù tán, tí nọ́ọ̀tì òkè wá kọ̀ láti tú, ọkọ̀ rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ́ìlì tó jáde dúdú, ó ń rùn. Lẹ́búlẹ́bú irin kíkúnná kan lẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ bíi tìróò. Mo fi ìka méjì ra á wò, kò sí èékú irin ńlá kankan nínú rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. A bu ọ́ìlì tí wọ́n kọ LSD sí lára sí i títí ó fi ń kán jáde lójú ihò.

Bàbá tún rí ohun tí èmi ò kà sí: táyà ẹ̀yìn kan tuntun, èkejì ti jẹ. Èyí tó kéré gbọ́dọ̀ yí ju èkejì lọ lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan pàápàá, àwọn àwo yẹn ò sì ní sinmi. Mo ra táyà méjì tó dọ́gba. Ó dùn mí, owó ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló bá a lọ.

Mo wá gbé ọkọ̀ lọ sí pápá, mo rọra ń fi í kọ 8 sórí ilẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, kí ọ́ìlì lè wọ àárín àwọn àwo. Nígbà tó fi máa tó ìgbà kẹwàá, ariwo ti lọ.

Ọjọ́ kẹta, òjò ńlá rọ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ sí òkè tó ń dá wa dúró. Jíà kejì ni mo fi gbéra. Táyà òsì wà nínú kòtò ẹrẹ̀, ti ọ̀tún wà lórí yangí, méjèèjì jọ fà, a gòkè. Lórí òkè, ojú ọ̀nà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo tẹ tọ́tù díẹ̀ sí i, táyà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo pa pọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà gọ́tà. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní LSD mọ̀ rèé: láìsí i, táyà kan máa ń yí lófo, èkejì á di ẹ̀yìn mú kó má yà. Bí méjèèjì bá jọ yọ̀, kò sí èyí tó di ẹ̀yìn mú mọ́. N kò tẹ búréèkì. Mo rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò, mo yí sítíárì sí ibi tí ẹ̀yìn ń lọ, ó tọ́. Ní kọ́nà tó há, iwájú ló tún fẹ́ máa lọ tààrà, torí àwọn táyà ẹ̀yìn fẹ́ jọ yí bákan náà. Mo dín eré kù kí n tó yà.

Kí n tó padà sílé, mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sára dífárénṣà: Ọ́ÌLÌ LSD NÌKAN.