Éèsì yín kò dáhùn lórí fóònù? Ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí

Iṣẹ́ mi ni kí n so éèsì àti cold room mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ni ín lè máa wo bó ṣe ń tutù níbikíbi tó bá wà. Láti Alágbàáká dé Ìjàpọ̀ l'Ákùrẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, ó sì ti sú mi láti máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù ní kọ̀ńtírólà (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí éèsì tàbí cold room, tó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀) kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé dátà ṣì wà lórí síìmù inú ráútà? Ẹ yẹ ìyẹn wò ná.

Mo ra ráútà tuntun, kọ̀ńtírólà ò rí i.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ńtírólà, irú wáífáì tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń rí. Ẹ tan ìyẹn lórí ráútà, kí ẹ sì fún kọ̀ńtírólà ní password tuntun.

Mo pa éèsì lórí fóònù, mo tún tàn án lójú ẹsẹ̀, atẹ́gùn lásán ló ń fẹ́.

Kò bàjẹ́. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú éèsì, ní láti sinmi bí ìṣẹ́jú 3 kó tó tún gbéra. Ẹ yé tẹ̀ ẹ́ léraléra.

Tí iná bá lọ tó sì dé, kọ̀ńtírólà kì í padà sórí fóònù àfi bí èèyàn bá lọ pa á, kó tún tàn án.

Mo fojú winá lórí èyí. Màmá kan ní cold room ẹja nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́, ṣùgbọ́n ìlú Oǹdó ni wọ́n ń gbé. Bí iná bá ti lọ báyìí, fóònù wọn á dákẹ́, wọ́n á pè mí: "Ọmọ mi, ẹja mi ńkọ́?" Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú mi ti pààrọ̀ síìmù, wọ́n pààrọ̀ ráútà, wọ́n tiẹ̀ pààrọ̀ kọ̀ńtírólà fúnra rẹ̀. Pàbó ló já sí. Network ni gbogbo wọn ń dá lẹ́bi.

Mo jókòó tì í, mo pa iná, mo tàn án, mo ń wo àwọn iná wínníwínní ara àwọn ẹ̀rọ náà. Wáyà ni wọ́n fi so kọ̀ńtírólà yẹn mọ́ switch, àpótí kékeré tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ráútà. Àwọn méjèèjì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iná aláwọ̀ ewé wọn ń ṣẹ́jú. Ti ráútà ṣì pọ́n, ó ń wá network. Bẹ́ẹ̀, ráútà ló yẹ kó fún kọ̀ńtírólà ní àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí network. Kọ̀ńtírólà béèrè, kò rí ẹni dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ẹ̀rọ tó bá ń jẹ́ àdírẹ́sì yẹn kò lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ráútà fi máa ṣe tán, irú kọ̀ńtírólà tiwọn yẹn kì í béèrè mọ́. Ẹni tó bá wá wò ó á rí i pé gbogbo iná ló tàn dáadáa, á ní network ni.

Mo kọ àdírẹ́sì kan pàtó sínú kọ̀ńtírólà, mo yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí ráútà ń pín. Mo sì gbé ráútà àti switch sórí bátìrì kékeré kí wọ́n má máa kú mọ́. Àwọn kan máa ń fi tàìmà dá kọ̀ńtírólà dúró títí ráútà á fi jí. N kò fara mọ́ ọn. Kọ̀ńtírólà ló ń darí bí ẹja ṣe ń tutù, kò yẹ kó máa dúró de íntánẹ́ẹ̀tì.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru yàrá ń kọ òtútù tí kò lè sí láyé.

Fún irú sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní NTC, tó pọ̀ lọ́jà, wáyà ti já nìyẹn. Tó bá jẹ́ ooru tí kò lè sí ló ń kọ, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn.

Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, yàrá ò tutù.

Ẹ má ṣí ẹ̀rọ náà. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń mú iná dání lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, ó sì lè gbé èèyàn. Ẹ pe oníṣẹ́ éèsì tó mọṣẹ́, kí ẹ sì ya àwòrán gíráàfù ooru ọjọ́ mélòó kan ránṣẹ́ sí i. Bí ooru bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, á kọ́kọ́ wá ibi tí gáàsì ti ń jò tàbí ibi tí yìnyín ti dí. Bó bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀dọ̀ iná àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ.