Bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọmọ wa gun òkè Sábẹ

Nígbà ìsinmi ilé-ìwé, àwọn ọmọ a máa tẹ̀lé olùkọ́ àti amọ̀nà lọ sórí àwọn òkè àpáta tó wà ní ìlú Sábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń fi okùn gun àpáta, bí a ṣe ń pàgọ́, àti bí a ṣe ń wo ojú ọ̀run mọ ìgbà tó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá dé láìfarapa, òbí á ní "Ẹ ṣeun", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìdúpẹ́ yẹn kò tó lójú tèmi, nítorí pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yìí bá ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, ewu tí wọ́n yẹ̀ kì í hàn sí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ẹ bi ọmọ yín léèrè pé ta ló yẹ okùn rẹ̀ wò kí ó tó gbéra. Yóò sọ fún yín pé amọ̀nà náà ti ìka bọ abẹ́ bẹ́líìtì òun kí ó lè mọ̀ bóyá ó fún dáadáa, ó tú kókó okùn nígbà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un dì, ó sì ka gbogbo wọn lórí òkè àti nísàlẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́ yìí gan-an ni kí ẹ fi dúpẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ mi ròyìn bí ẹ ṣe tú okùn rẹ̀ tí ẹ tún un dì. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí yín."

Ẹni tí a máa ń gbàgbé jù ni ẹni tó kọ̀ láti gùn. Àpáta tí òjò pa a máa yọ̀, amọ̀nà tó bá sì rí òjò tó ṣú lè dá gbogbo ẹgbẹ́ padà ní àárín ọ̀nà, kí àwọn ọmọ fajú ro, kí òbí sì máa ráhùn pé òun ti sanwó. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ lọ bá a, kí ẹ sì yìn ín lójú àwọn ọmọ. Àwọn àgbà ní yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíràn. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó dé ṣóńṣó òkè nìkan là ń yìn, amọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò máa wá ìyìn lọ sínú òjò.

Ẹ má fo ìyá alásè tó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọmọ lè jẹun kí oòrùn tó mú àpáta gbóná, tàbí bàbá awakọ̀, tàbí ẹni tó ń sá okùn síbi tí oòrùn kò dé. Bí ẹ bá ń fúnni lówó, kí àpò ìwé kálukú dá wà. Ẹ má kó o fún ọ̀gá pé kí ó pín in.

Àwọn tó ń darí ètò náà ní iṣẹ́ tiwọn: kí owó oṣù bọ́ sí ọjọ́ tí a fohùn ṣọ̀kan lé, kí ìsinmi sì wà láàárín ẹgbẹ́ ọmọ kan àti èkejì. Irinṣẹ́ tó dára náà jẹ́ ìmọrírì. Àwọn tó ń ṣe okùn ìgunkè máa ń kìlọ̀ pé kí a má lò ó kọjá ọdún 10, kódà bí a kò bá gbé e jáde rí. Èyí tí a sì ń lò déédéé gbọ́dọ̀ tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó pé bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí lè dáwó jọ ra tuntun.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù lọ́kàn. Ẹ kọ ọ́ ní èdè Faransé, nítorí pé òṣìṣẹ́ náà lè mú un lọ wá iṣẹ́ níbòmíràn. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ tó ṣe àti ọjọ́ tó ṣe é, kí ètò náà lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín fún un ní èkejì.