Ẹ̀rọ tó ń fi omi àti yanrìn họ ìpẹtà: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó rà á tàbí kẹ́ ẹ yá a

Táwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé omi wà nínú iṣẹ́ yìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé ewu ti tán nìyẹn, pé kò sí eruku mọ́, pé yanrìn èyíkéyìí táwọn bá rí làwọn lè dà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Omi ń dín eruku kù lóòótọ́, ó sì ń dín in kù gan-an, àmọ́ kò lè sọ yanrìn tó léwu di èyí tí ò léwu, kò sì ní kẹ́ ẹ má lo ìbòmú. Torí ẹ̀ la ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ̀yin àgbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tún irinṣẹ́ ìtúlẹ̀ àti tírélà yín kùn, àti ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ fẹ́ bó ọ̀dà àtijọ́ lára géètì, àga onírin tàbí ògiri.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Ó ń fi agbára ti èérún líle jáde (òun la tún ń pè ní yanrìn níbí, bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ yanrìn odò), èérún yẹn ló ń gé ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò, omi á sì rin èérún náà gbingbin débi pé nígbà tó bá fọ́ lára irin, eruku ẹ̀ á wúwo, ilẹ̀ ló máa bọ́ sí dípò kó máa fò kiri. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní gbígbẹ ti pẹ́ láyé, 1870 ni Benjamin Chew Tilghman gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, eruku ẹ̀ ló sì ń pa àwọn tó ń ṣe é.

Àǹfààní kan tún wà tí àgbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fojú di: omi máa ń ṣan iyọ̀ kúrò. Ẹ wo ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń fọ́n ajílẹ̀, iyọ̀ inú ajílẹ̀ yẹn máa ń wọ inú àwọn kòtò kéékèèké tí ìpẹtà ti gbẹ́ sára irin, bẹ́ ẹ bá fi yanrìn gbígbẹ họ ọ́, irin á funfun lójú, ẹ̀ẹ́ rò pé ó ti mọ́, àmọ́ iyọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ kòtò, bẹ́ ẹ bá wá kun ọ̀dà lé e, kò ní pẹ́ tí ọ̀dà á fi máa wú bíi ròrẹ́. Irú irin bẹ́ẹ̀, olómi ni ká fi họ ọ́.

Oríṣi tó wà

Èyí tó sún mọ́ ọwọ́ jù ni ti prẹ́ṣọ̀ wọ́ṣà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde. Ẹnu kan ni wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọ̀pá prẹ́ṣọ̀ wọ́ṣà yín, họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wá lọ láti ara ẹ̀ sínú báàkéètì yanrìn, bí omi bá ṣe ń sáré kọjá ni á máa fa yanrìn mọ́ra. Kò nílò kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́pọ̀ nínú ilé. Àmọ́ ẹ̀rọ ìfọmọ́tò kékeré tí agbára ẹ̀ ò tó nǹkan ò lè fà á dáadáa, èyí tó tó bíi 150 bar sókè (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi) ló máa ṣiṣẹ́ gidi, omi tó sì máa ń lò pọ̀, bíi lítà 8 sí 15 ní ìṣẹ́jú kan, torí náà ẹ ro ibi tí omi yẹn máa ṣàn gbà kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ohun kan wà tó ń mú un sú àwọn èèyàn. Yanrìn inú báàkéètì gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí omi bá lè padà sínú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn pẹ́nrẹ́n, yanrìn á dì mọ́ inú ẹ̀, ẹ̀rọ á máa tú omi lásán. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: ẹ tẹ tírígà kí omi kọ́kọ́ máa jáde, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ inú yanrìn, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dúró, họ́ọ̀sì lẹ máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú yanrìn, ẹ jẹ́ kó fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ títí yanrìn tó kù nínú ẹ̀ á fi tán, ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lè fi tírígà sílẹ̀. Ẹ bo báàkéètì náà tí ìrì tàbí òjò bá wà, kẹ́ ẹ sì sẹ́ yanrìn dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó, òkúta kékeré kan ṣoṣo ti tó láti dí i.

Oríṣi kejì ni táǹkì tí wọ́n fi ń ṣe ti gbígbẹ àmọ́ tí wọ́n fi òrùka olómi sí ẹnu ẹ̀. Ó dáa fẹ́ni tó ti ní táǹkì gbígbẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ibẹ̀ nìkan ni omi ti ń kan yanrìn, kì í sì í pò pọ̀ tán, torí náà eruku tó ń fi sílẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ.

Ẹ̀kẹta ni táǹkì tó jẹ́ pé omi àti yanrìn ti jọ wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á wá gbé àpòpọ̀ yẹn jáde. Lójú tiwa, òun ló dáa jù fún iṣẹ́ ńlá, torí ẹ lè dín prẹ́ṣọ̀ ẹ̀ kù fún igi tàbí kẹ́ ẹ gbé e sókè fún irin, omi tó ń lò sì kéré gan-an sí ti prẹ́ṣọ̀ wọ́ṣà. Owó ẹ̀ ló ga. Yíyá ló yẹ ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, tàbí kí àwọn àgbẹ̀ mélòó kan dáwó jọ rà á. Èyí tó jẹ́ àpótí, tẹ́ ẹ máa ki ọwọ́ bọ̀ nípasẹ̀ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n rán mọ́ ọn lára, àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kéékèèké ni wọ́n fi ń fọ̀, a ò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ owó

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì, nìkan fún yín. Ẹ bi í léèrè iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn CFM. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe nọ́súlù (ẹnu tí yanrìn ń gbà jáde), ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì ni wọ́n fi kà á, nọ́súlù 4 jẹ́ 1/4 íǹṣì, nọ́súlù 6 jẹ́ 3/8. Nọ́súlù 4 yìí tó dà bíi pé ó kéré, bíi 80 CFM ló máa jẹ ní 100 psi, bẹ́ẹ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fé táyà kì í sábà fún yín ju 10 lọ, táǹkì ẹ̀ á tán kẹ́ ẹ tó rí ibi tẹ́ ẹ họ. Nọ́súlù 6 á jẹ tó 200 CFM, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà nìyẹn.

Nọ́súlù sì ń jẹ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ wá irin dírílì tó fẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára nọ́súlù lọ ní 1/16 íǹṣì, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ nọ́súlù, ẹ ti irin dírílì náà bọ ihò ẹ̀. Bó bá ti lè wọlé, nọ́súlù yẹn ti tán, torí tí 4 bá ti di 5, afẹ́fẹ́ tó ń jẹ á fi ju ìdajì lọ lé sí i, ẹ́ńjìnnì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa jẹ epo, prẹ́ṣọ̀ á sì máa wálẹ̀. Nọ́súlù tí wọ́n fi tungsten carbide ṣe ń pẹ́, ti boron carbide tún pẹ́ jù ú lọ, ti seramics ni kì í pẹ́ rárá.

Yanrìn wo?

Ibí ni a ti fẹ́ bẹ̀ yín jù. Yanrìn odò, yanrìn etí òkun, yanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń pè ní sílíkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Tó bá fọ́ lára irin, á di lẹ́búlẹ́bú tí ojú ò lè rí, èyí tí ò tó máíkrò 10 (ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà) nínú ẹ̀ á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, á máa dá àpá síbẹ̀, àìsàn tí wọ́n ń pè ní silicosis nìyẹn, kò sì ní ìwòsàn. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de fífi irú yanrìn yìí ṣe iṣẹ́ ìfọrin láti 1949, NIOSH tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà náà dábàá lọ́dún 1974 pé kí wọ́n fòfin de ohunkóhun tí sílíkà inú ẹ̀ bá ju 1% lọ. Àwọn kan á ní ṣebí omi wà ńbẹ̀. Omi yẹn máa gbẹ. Ẹrẹ̀ tó fọ́n sára ògiri, sára aṣọ yín, sórí ilẹ̀, tó bá gbẹ lọ́jọ́ kejì tẹ́nì kan gbá a, eruku yẹn náà ló tún dìde.

Gánẹ́ẹ̀tì, òkúta líle kan tí wọ́n lọ̀, ni kẹ́ ẹ lò fún irin tó ti jẹ jìnnà, èyí tí wọ́n kọ 80 mesh (bí èérún ẹ̀ ṣe tóbi tó) sí lára máa ń bá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mu. Ìgò tí wọ́n lọ̀ dáa gan-an fún ọ̀dà, ó fúyẹ́, sílíkà inú ẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń fa silicosis. Ìdàrọ́ bàbà ń gé dáadáa, àmọ́ ó lè ní àwọn mẹ́tàlì olóró nínú, ẹ béèrè ìwé ààbò ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Baking soda ò lè yọ ìpẹtà, ara nǹkan rírọ̀ ni wọ́n ti ń lò ó.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ yìí kàn

Páànù asbestos, láéláé. Fọ́nrán inú ẹ̀ á tú sínú omi àti afẹ́fẹ́. Irin gáfánáìsì, á bó síńkì tó ń dáàbò bò ó kúrò. Bíríkì àtijọ́ tó rọ̀, ẹ̀ẹ́ ṣí awọ líle ojú ẹ̀ sílẹ̀, omi á sì máa wọnú ẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Lára katakata, ẹ yọ bátìrì, kẹ́ ẹ wá fi tápólì àti téèpù bo rédíétọ̀, wáyà, gíláàsì, ojú ibi tí wọ́n ti ń ki gíríìsì, àti ọ̀pá dídán tó ń wọlé jáde nínú haidirọ́líìkì. Ọ̀pá yẹn, tí èérún bá fi lè họ ọ́ díẹ̀, ọ́ìlì á máa jò níbẹ̀ ṣáá. Bẹ́ríìnì náà, bí èérún bá wọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tó máa bàjẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́

Ẹ wọ awò ojú àti ìbòjú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, bàtà rọ́bà, kẹ́ ẹ sì dí etí yín torí ariwo ẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ìbòmú aṣọ ò tó, onífílítà tó ń mú eruku wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n kọ P100 tàbí P3 sí lára, ni. Fún táǹkì ńlá, àṣíborí tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀ ló yẹ, kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lásán, torí òróró àti èéfín olóró lè bá a wá.

Omi tó ń jáde ní 200 bar lè wọ inú ẹran ara. Ojú ihò tó dá sí i lè má ju ti abẹ́rẹ́ lọ, ó sì lè má dùn yín rárá, ẹ má tìtorí ìyẹn sùn mọ́jú, ẹ gba ọsíbítù lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé omi prẹ́ṣọ̀ ló wọlé, torí ó lè gba iṣẹ́ abẹ. Ẹ má fi wáyà so tírígà mọ́lẹ̀ láé, ohun tó ń dá ẹ̀rọ dúró bọ́wọ́ bá yọ̀ nìyẹn. Gbogbo ibi tí họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ ti pàdé, ẹ fi okùn onírin so ó, torí bó bá já, á máa nà kiri ni. Ẹ kọ́kọ́ tú prẹ́ṣọ̀ inú táǹkì dànù kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Ẹ dúró ní nǹkan bíi 30 sí 45 sẹ̀ǹtímítà sí ohun tẹ́ ẹ ń họ. Tó bá jẹ́ ọ̀dà, ẹ dagun nọ́súlù díẹ̀ kó lè wọ abẹ́ ẹ̀, tó bá jẹ́ ìpẹtà tó jìn, ẹ kojú ẹ̀ sí i gbọọrọ. Ẹ dán an wò níbi tó fara sin kẹ́ ẹ tó bọ́ sójú, pàápàá igi, prẹ́ṣọ̀ kékeré ló ń fẹ́, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dénú kẹ́ ẹ tó kùn ún.

Ìpẹtà tó ń tètè padà

Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó tí omi sì wà lára ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ti máa rí i tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ọjọ́ bá sì lọ́rinrin, ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́míkà wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi tó ń dá a dúró fún wákàtí mélòó kan, àmọ́ ẹ ka ara agolo ọ̀dà yín bóyá ó bá a mu, torí àwọn kẹ́míkà kan ń fi nǹkan fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ lára irin tí ọ̀dà ò ní lẹ̀ mọ́. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan irin náà, ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ fẹ́ gbogbo igun ẹ̀, kẹ́ ẹ kun práímà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ibi tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ lè kùn tán lóòjọ́ ni kẹ́ ẹ họ, ẹ má họ gbogbo tírélà sílẹ̀ kí ilẹ̀ wá ṣú. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ju 85% lọ, ẹ má kùn ún.

Ẹrẹ̀ tó ṣẹ́ kù

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, 1978 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò wà lọ́jà. Màlúù máa ń lá nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an, òjé sì ń tètè pa á. Ẹ tẹ́ tápólì sílẹ̀, ẹ ká etí ẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ silẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣọ́bìrì kó o nígbà tó ṣì tutù, kẹ́ ẹ dà á sínú garawa tó ní ìdérí, èyí tí òjé bá wà nínú ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ìdọ̀tí olóró ládùúgbò yín. Kànga, adágún ẹja, gọ́tà, ọ̀gbìn, ìkankan ò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ má gbé aṣọ iṣẹ́ wọlé báwọn ọmọ, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.

Ẹ̀rọ náà, ẹ da gbogbo yanrìn tó kù nínú táǹkì jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lò ó, torí tó bá sùn síbẹ̀ á dì bíbá, ẹ fi omi mímọ́ ṣan họ́ọ̀sì títí tí ò fi ní mú èérún wá mọ́, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ gbẹ, kẹ́ ẹ wá ká họ́ọ̀sì láìṣẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní máa pa á.