Bí mo ṣe fi kọ̀ǹpútà wá ibi tí ìnira ń kó jọ sí nínú eyín tí wọ́n ti ọ̀pá bọ̀

Eyín iwájú ti òkè ni mo mú, irú èyí tí wọ́n ti yọ iṣan inú rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Oníṣègùn eyín á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú gbòǹgbò, á mọ kùkùté lé ọ̀pá náà lórí, á wá fi adé bo gbogbo rẹ̀.

Mo ya gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Mo fi gutta-percha, ohun bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń dí inú gbòǹgbò, 4 mm sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀pá, torí ibẹ̀ ló dí ẹnu ọ̀nà mọ́ kòkòrò. Awọ tó so gbòǹgbò mọ́ egungun kò nípọn ju bíi 0.2 mm lọ, yíyà rẹ̀ sì ń tánni ní sùúrù. Síbẹ̀, ẹni tó bá fo ibẹ̀ kò tíì ya eyín, nítorí òun ló ń jẹ́ kí eyín yẹ̀ díẹ̀ bí a bá ń jẹun.

Mo wá sọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe yigbì tó: dẹ́ńtìnì, ìyẹn ara eyín gan-an lábẹ́ èèpo òde rẹ̀, bíi 18 GPa (òṣùwọ̀n yíyigbì ni GPa), ọ̀pá fáíbà 40, taiténíọ̀mù 110, irin tí kì í dípẹtà 200. Mo fi agbára 100 N (bí ìwúwo kílò mẹ́wàá) ti eyín náà láti ẹ̀yìn, ó dagun ní 45°, bí eyín ìsàlẹ̀ ṣe máa ń kàn án.

Irin kọ̀, kò tẹ̀. Ó gbé ìnira náà, ìyẹn bí agbára yẹn ṣe ń fún inú eyín, sọ̀kalẹ̀, ó kó o jọ sí ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ parí sí láàárín gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò bá là níbẹ̀, yíyọ ló kù. Fáíbà ń bá dẹ́ńtìnì tẹ̀, ìnira sì dúró sí ọrùn eyín. Lẹ́nu aláìsàn, ọ̀pá fáíbà sábà máa ń tú kúrò lára gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni, ìyẹn sì ṣe é tún ṣe.

Àmọ́ nígbà tí mo fi 2 mm eyín gidi sílẹ̀ yíká lókè èrìgì, kí adé lè gbá a mú bí òrùka, ìnira gbòǹgbò já wálẹ̀, ìyàtọ̀ irin àti fáíbà sì kéré gan-an. Lójú tèmi, àríyànjiyàn lórí irú ọ̀pá ti pọ̀ jù. Ọ̀pá kì í fún eyín lágbára, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di kùkùté mú. Bí mo sì ṣe ń mú ọ̀pá tóbi sí i ni ògiri dẹ́ńtìnì ń fẹ́lẹ́.

Nínú àwòrán mi, gọ́ọ̀mù kì í tú láé, èyí sì ń pọ́n fáíbà lé díẹ̀. Ibi tí mo ń tún ṣe báyìí nìyẹn.