Bí A Ṣe Ń Ya Box Plot, àti Bí A Ṣe Ń Kà Á

Box plot ni àwòrán tó ń fi àpótí kan àti ìlà méjì tó dà bí apá ṣàfihàn bí ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan ṣe tàn ká. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yà á ló mọ àpótí àárín yà. Apá méjèèjì tó na jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń dà wọ́n rú. John Tukey, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà tó sọ àwòrán yìí di ìlúmọ̀ọ́ká nínú ìwé tó gbé jáde ní 1977, ti sọ ibi tí apá yẹn gbọ́dọ̀ dúró sí. Àwọn èèyàn ò kàn ka ibẹ̀ ni.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 11 ṣèdánwò lórí máàkì 60, tí wọ́n sì gba 30, 14, 38, 33, 51, 27, 35, 40, 29, 32, 36. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù:

14, 27, 29, 30, 32, 33, 35, 36, 38, 40, 51

Ẹ tún wọn kà. Bí wọn ò bá pé 11 mọ́, ẹ ti fo ọ̀kan. Èmi máa ń fagi lé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí mo bá ṣe ń mú un sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

33 ló wà láàárín gbùngbùn: márùn-ún níwájú, márùn-ún lẹ́yìn. (Bí iye wọn bá jẹ́ 10 tàbí 12, méjì ló máa wà láàárín, ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì.) Àárín márùn-ún àkọ́kọ́ ni 29, òun ni Q1. Àárín márùn-ún ìkẹyìn ni 38, òun ni Q3. Àpótí yín bẹ̀rẹ̀ ní 29, ó parí ní 38, ìlà kan sì là á já ní 33.

Mi ò ka 33 mọ́ ìdajì kankan. Àwọn kan máa ń kà á mọ́ méjèèjì, Q1 tiwọn á wá di 29.5, Q3 á di 37. Bí box plot inú R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ti Excel tiẹ̀ tún ya ni lẹ́nu: àwòrán box plot tó wà nínú rẹ̀ láti ẹ̀dà 2016 kì í ka nọ́ńbà àárín mọ́ ọn, àfi tí ẹ bá yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ fi QUARTILE, fọ́múlà inú Excel kan náà, ṣírò nọ́ńbà kan náà lójú ìwé kan náà, 29.5 ló máa fún yín. Ẹ má torí ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í.

Ó wá kan apá. Gígùn àpótí jẹ́ 9 (38 dín 29). Ẹ fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 13.5. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára 29, ó ku 15.5, ẹ rò ó mọ́ 38, ó di 51.5. Ààlà lásán ni nọ́ńbà méjèèjì yìí. Ẹ MÁ YÀ WỌ́N! Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́: wọ́n á na apá òsì dé 15.5, bẹ́ẹ̀ kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó gba 15.5. Orí máàkì tí ẹnì kan gbà ní tòótọ́ ni apá ti ń dúró, ìyẹn èyí tó jìnnà jù láì kọjá ààlà. Lọ́wọ́ òsì, 27 ni. 14 ti kọjá ààlà, ẹ fi àmì róbótó kan sí i níbi tó wà, láìfa ìlà dé ibẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún, 51 ò tíì dé 51.5, nítorí náà apá nà dé 51.

Ká ní a ti ka 33 mọ́ ìdajì méjèèjì ni, ààlà ọ̀tún ì bá jẹ́ 48.25, 51 náà ì bá sì di àmì róbótó. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà kan ya kíláàsì kan, kí ẹ fi òmíràn ya èkejì. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń na apá dé máàkì tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, láìsí àmì kankan. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi kì í ṣe é.

Ẹ má sì pa 14 rẹ́ torí pé ó dá dúró. Ẹ padà sí ìwé ìdánwò. Bóyá 41 ni wọ́n kọ lódì. Bí 14 bá ni lóòótọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Yíyà kò gba nǹkan kan. Ìwé ìṣirò onígun kéékèèké tàwọn ọmọ iléèwé ti tó, etí káàdì ATM tí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀ á sì ṣe rúlà. Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà nọ́ńbà láti 10 dé 60. Bí àpótí bá ṣe ga tó kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Tó bá di kíkà, ẹ ṣọ́ra fún gígùn. Apá ọ̀tún tiwa gùn gan-an, láti 38 dé 51, síbẹ̀ èèyàn méjì péré ló kọjá 38: ẹni tó gba 40 àti ẹni tó gba 51. Ibi tó gùn ni máàkì ti jìnnà síra, kì í ṣe ibi tí èèyàn pọ̀ sí. Bí ẹ bá ń fi kíláàsì méjì wéra, ẹ yà wọ́n sórí ìlà nọ́ńbà kan náà, ọ̀kan lórí èkejì. Ìlà àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà gígùn àpótí.

Ohun kan wà tí àpótí máa ń bò mọ́lẹ̀. Kíláàsì tí ìdajì gba nǹkan bí 20, tí ìdajì gba nǹkan bí 45, á ní àpótí ńlá tó dùn-ún wò, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni kankan láàárín rẹ̀. Mo máa ń to àmì kéékèèké fún máàkì kọ̀ọ̀kan sókè àpótí nítorí èyí. Bí nọ́ńbà ò bá tó márùn-ún, àwọn àmì yẹn nìkan ni kí ẹ yà. Kí ẹ sì máa kọ iye akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, torí àpótí èèyàn 11 àti ti èèyàn 1,100 lè jọra bí ìbejì.