Bí mo ṣe mú kí step tuntun ṣiṣẹ́ nínú bootstrap Rust

Ọjọ́ méjì gbáko ni nǹkan yìí fi jẹ mí níyà, mo kọ ọ́ síbí kó má baà jẹ ẹlòmíì náà níyà. Bootstrap ni ètò tí wọ́n fi ń bíídì Rust fúnra ẹ̀, ./x sì ni àṣẹ tá a fi ń pè é. Mo fẹ́ kí ./x build máa bíídì túùlù kékeré kan pọ̀ mọ́ rustc, ìyẹn compiler Rust, mo wá kọ step ẹ̀ (ìyẹn iṣẹ́ kan tí bootstrap máa ṣe) sínú src/bootstrap, mo fún un ní should_run tó ń tọ́ka sí fódà túùlù náà, mo kọ make_run tó ń pe step náà, àti run tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ gan-an, kò sí error kankan, àmọ́ bí mo bá ti pè é, ohun tó ń sọ ni pé no `build` rules matched. Mo yẹ path fódà yẹn wò títí ojú fi ń ro mí.

Àṣé kíkọ step nìkan ò tó! Lístì kan wà nínú kóòdù builder, nínú describe! tó wà lábẹ́ Kind::Build, step tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, bootstrap ò mọ̀ ọ́n rí. Ìlà kan péré ni mo fi kún un, ó gbéra.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan: mo pe run tààrà látinú step míì, ló bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. builder.ensure ni kẹ́ ẹ lò o. Ìyẹn á kọ́kọ́ wo cache, ibi tó ń tọ́jú èsì sí, tí step yẹn bá ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èsì tó wà nílẹ̀ ló máa gbé fún yín. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí step kọ̀ọ̀kan ló ń fẹnu ara ẹ̀ béèrè ohun tó nílò.