Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ Nínú Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ọmọdé fún Ìwádìí

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí ó ń ba ìwádìí lórí àrùn ọmọdé jẹ́ kì í ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá. Èrò pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló kàn kéré sí ti àgbà ni, tí kò sì yàtọ̀ sí i ní ọ̀nà mìíràn, ni ó máa ń fà á. Ohun tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀, àti ohun tí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti inú oyún, ṣì máa ń wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí a bá bí i.

Níbi àyẹ̀wò àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni èyí ti hàn jù lọ. Hemoglobin F, irú hemoglobin (èròjà tí ó ń gbé atẹ́gùn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa) tí ọmọ ti ní láti inú oyún, ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, kì í sì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ̀ bí dòjé. Láti ọdún 1948 ni Janet Watson, oníṣègùn ọmọdé ní New York, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lára àwọn ọmọ tuntun. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń fi àyẹ̀wò kíákíá, èyí tí a ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oògùn olómi láti wò ó bóyá yóò ṣú, yẹ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà wò. Àyẹ̀wò náà lè sọ pé kò sí hemoglobin S, èyí tí ó ń fa àrùn náà, nígbà tí ó wà. Ẹ̀rọ HPLC, tí ó ń ya oríṣiríṣi hemoglobin sọ́tọ̀, tàbí àyẹ̀wò DNA ni ó yẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ṣe ka hemoglobin F sí ìdíwọ́ lásán, nítorí òun gan-an ni àwọn olùwádìí ní Boston Children's Hospital tọpasẹ̀ títí wọ́n fi fi hàn lọ́dún 2008 pé àbùdá BCL11A ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Orí ìmọ̀ yìí ni a gbé ìtọ́jú tí Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2023 kà.

Irú àṣìṣe kan náà ni kí a fi àyẹ̀wò tí ń wá èròjà agbógunti-àrùn pinnu bóyá ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18 ní kòkòrò HIV. Ti ìyá rẹ̀ ni àyẹ̀wò náà lè máa rí. PCR, tí ó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ni kí a lò.

Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ibà líle ti ń mú kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọdé lára, ẹ má ṣe yẹ jẹnotáìpù wò láìkọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ náà gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń gbé. Bí a kò bá dúró fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, hemoglobin A (irú ti àgbà tí kò ní àrùn náà) tí ó ti ara ẹni tí ó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ wá lè bo hemoglobin S ọmọ náà mọ́lẹ̀.

Ní ti bí ẹ̀jẹ̀ tí a ó gbà ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó, ẹ wo ìwọ̀n ọmọ kí ẹ tó wo ìgò. Ọmọ tí ó wọn kílógíráàmù mẹ́ta kò ní ju nǹkan bí 240 mílílítà ẹ̀jẹ̀ lọ, nítorí náà mílílítà mẹ́wàá péré ti ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí gígún gìgísẹ̀ kò bá mú ẹ̀jẹ̀ tó wá, ẹ má ṣe fún ẹsẹ̀ náà pọ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì yóò fọ́, pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ yóò sì mú kí èsì ga ju bí ó ti yẹ lọ.

Àṣìṣe tí ó kéré jù lójú ni ti àkọlé ìgò. Kíkọ “ọmọdé” sí i kò tó: ẹ kọ iye ọjọ́ tàbí oṣù tí ọmọ náà ti lò láyé, wákàtí tí a gba ẹ̀jẹ̀, àti ọjọ́ tí ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kẹ́yìn. Láìsí wọn, ẹni tí yóò yọ ìgò náà jáde nínú fìríìsà lọ́dún márùn-ún òní kò ní mọ èyí tí ó lè gbà gbọ́ nínú èsì rẹ̀.